Ìkòkò Aláwòrán Ìyá Keiko

Adelphi, Maryland,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin, 2025.

Adébùnmí, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ìbàdàn ńkọ́? Ṣé ara Màmá ti mókun? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Nọ́fíù ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ara wa le, àmọ́ ojú ń tì mí, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

O rántí Ìyá Keiko, ìyá ará Jàpáànù tó ń gbé lókè wa, tó bá mi tọ́jú Rayyan ọmọ mi nígbà tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ. Lóṣù tó kọjá, ó fún mi ní ìkòkò kékeré kan tó ní ẹnu ṣóńṣó bíi ti kẹ́tù, pẹ̀lú àwọn ife rẹ̀. Amọ̀ ni, wọ́n fi ọ̀dà pupa àti wúrà ya ẹyẹ sí i lára, ó ń dán gbinrin. Mo ṣebí ti tíì ni.

Nígbà ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa wá kí mi, mo sì bu tíì fún wọn nínú rẹ̀. Hidayah, tó ti gbé Jàpáànù rí, yí ife rẹ̀ wò, ó ní, "Jamilah, ọtí ni wọ́n ń bu sí nǹkan yìí o. Sáké, ọtí ìrẹsì." Gbogbo wọn rọra gbé ife sílẹ̀.

Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa rò nípa mi bà mí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, nítorí kì í ṣe Yorùbá ni gbogbo wọn: "Ìyá òkè yẹn ló tàn mí. Irú wọn ò mọ Ọlọ́run. Ó kàn fẹ́ da ìdọ̀tí rẹ̀ sílé mi ni."

Àṣé Ìyá Keiko ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àwo ọsàn wá kí wa kú ọdún.

Ó gbé àwo náà kalẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ló ya ẹyẹ wọ̀nyẹn kó tó kú. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó fún ọ." Ó sì gòkè lọ.

Ẹyin lohùn, Adébùnmí. Nọ́fíù ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìyá tó pọn ọmọ rẹ?"

Lọ́jọ́ kejì mo gòkè lọ, mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ní òun ti dárí jì mí, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹnu ilẹ̀kùn la dúró sí títí mo fi padà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò tíì sí ọjọ́ tí kò ní kí n wọlé.

Bá mi kí Màmá àti Akóredé ọkọ rẹ. Fi àdúrà rántí mi.

Èmi ni, tìrẹ bí mo ṣe rí yìí,
Jamilah.