Ìkòkò Amọ̀ Tí Mo Gbé Pamọ́

Olóòtú ètò rédíò wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti àdúgbò Harpurhey, nílùú Òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Mo ti ṣẹ ìyàwó mi.

Ó ti tó ogún ọdún. Nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, ooru kì í jẹ́ kó sùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ṣáínà fún un ní egbòogi àti ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń sè é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sè é; èmi tí mo jẹ́ díákónì sọ pé nǹkan ẹbọ ni, mo sì gbé ìkòkò náà pamọ́. Òórùn àgbo náà, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ṣì ń bá mi lójú àlá.

Ní báyìí egungun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Ǹjẹ́ àgbo yẹn ì bá ti ràn án lọ́wọ́? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi wò ó.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìkòkò náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó wò ó, ó ní:

"Bàbá ọmọ mi, ọwọ́ kan ló kù fún mi. Ta ni yóò bá mi se àgbo?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ bi dókítà. Èmi ni n ó sè é."