Adìẹ Dúdú Tí Màmá Mai Gbé Sẹ́nu Ọ̀nà

Upney, Barking,
Lọ́ndọ̀nù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Victoria,

Mo kí yín tọkàntọkàn. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ oògùn? Ara tiwa le níbí. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, nítorí ọ̀rọ̀ yín wà nínú rẹ̀.

Tiwaladé ọmọ mi ti ń jẹun. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tó bímọ, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni kò fi jẹ nǹkan gidi. Ọbẹ̀ ata mi, ògì mi, gbogbo rẹ̀ ló ń tì sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní bó bá fi máa di ọjọ́ Ajé tí kò jẹun, àfi kó padà sí ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí débi pé inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń lọ sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mo bá ìkòkò kan lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ pupa dè é lórí. Ọbẹ̀ adìẹ ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ awọ rẹ̀ dúdú, ẹran rẹ̀ dúdú, àní eegun rẹ̀ pàápàá dúdú. Ẹ̀yin náà ni mo pè. Ẹ ní, "Ṣọlápé, wọ́n ti gbé ẹbọ wá bá ọmọ rẹ. Dà á nù, kí o ka Sáàmù karùndínlógójì sẹ́nu ọ̀nà yẹn." Mo kà á, mo wọ́n omi àdúrà, mo da ọbẹ̀ náà sínú bíìnì lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá Mai, ará Vietnam tí ilé rẹ̀ bá tiwa pààlà, ń wò mí. Ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì ló pè mí síbi ọgbà. Gẹ̀ẹ́sì tiwa méjèèjì kò ju ara wọn lọ, àmọ́ a gbọ́ ara wa yé. Ó gé adìẹ mìíràn lójú mi, ó ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, irú rẹ̀ ni wọ́n ń sìn lórí òkè tí wọ́n bí òun sí. Ó já ewé ọbẹ̀ náà tó gbìn sínú ike, ó jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó fi í sí mi nímú. Lọ́dọ̀ wọn, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìyá ọmọ kì í fi fẹnu kan ohun tútù. Ọbẹ̀ yìí àti ìrẹsì gbígbóná ni oúnjẹ rẹ̀, òun náà ni oògùn rẹ̀. Àlejò kì í sì wọ ilé ọmọ tuntun kí oṣù tó pé. Ìdí tó fi gbé e sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Mo bi í pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà tó báyìí nítorí wa. Ó ní ìlú yìí lòun wà nígbà tóun bí Mai, ìyá òun wà lórí òkè lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó sè é fóun. Búrẹ́dì àti omi tútù lòun jẹ. Ojú tì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo rò fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di igi ọgbà mú.

Nígbà tí mo gbé èyí tó sè wọlé, Tiwaladé gbọ́ òórùn ọbẹ̀ náà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mummy, what's that? Ẹ bù ú wá jàre." Ó jẹ abọ́ kan, ó ní kí n tún bu òmíràn. Mo dúró, mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì ní kò sí ọ̀rọ̀ ọsibítù mọ́. Bóyá ewé ni, bóyá adùn rẹ̀ ni, bóyá àdúrà yín ni, n kò mọ̀. Ọmọ mi jẹun. Mo sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Lánàá ni oṣù pé. Mo ra adìẹ dúdú fúnra mi, mo sè é bó ṣe kọ́ mi, mo pe Màmá Mai wọlé. Ó rò pé ti Tiwaladé ni, ó ti fẹ́ gbé abọ́ náà lọ fún un. Mo gbà á, mo gbé e síwájú òun gan-an. Mo ní, "Mama Mai, this one na for you. For when you born Mai." Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé abọ́ sókè, ó mu omi ọbẹ̀ tó kù nísàlẹ̀, ó wá di ọwọ́ mi mú.

Ọlọ́run tó dá wa lóhùn yóò fún yín lálàáfíà. Orúnkún yín yóò gbé yín wá wo Eden, ọmọ tuntun wa.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Ṣọlápé.

Mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé: Màmá Mai fẹ́ gbin efinrin. Ẹ bá mi fi èso rẹ̀ rán ẹni tó bá ń bọ̀. Ẹ fi lé e lọ́wọ́ o. Ẹ má gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.