Ojú Kejì Ìyá Sikirá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kùtọ̀nú níbí. Mo kí Bàbá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Múfútáù àti ìyàwó wọn. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n má fi lẹ́tà yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí Lyon ní ilẹ̀ Faransé tọ́ dàgbà, tó wá ń fi Nàgó, Yorùbá ilé wa ní Kétu, kọ lẹ́tà lónìí, omi ló yẹ kí wọ́n fún un mu ná.

Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí, ẹ bèèrè àdírẹ́sì mi, ẹ ní ẹ fẹ́ fi bàtà ránṣẹ́. Mo ní mi ò ní àdírẹ́sì, pé ilé tí mo yá kò ní nọ́ńbà, títì iwájú rẹ̀ kò sì ní orúkọ. Ẹ ní ṣé orí igi ni mò ń gbé ni. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣe mí bákan. Ó dà bí ẹni pé ìlú yìí kò tíì mọ̀ pé mo dé.

Ẹ mọ̀ pé àdúgbò Ganhi ni biró iṣẹ́ wa wà, a ń ta sólà àti bátìrì rẹ̀. Oòrùn ò ṣọ̀wọ́n níbí, ọjà ń tà! Iṣẹ́ tèmi ni àká orúkọ àwọn oníbàárà tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Apá kan gba orúkọ àti fóònù, apá kejì gba àdírẹ́sì. Bí mo bá fẹ́ mọ ibi tí ẹnì kan ń gbé, èmi ni mo máa kọ ìbéèrè tó so apá méjèèjì pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń ṣe bátìrì ránṣẹ́ pé irú kan nínú wọn lè gbóná jù kó sì gbiná. Kí a wá gbogbo ẹni tó rà á kàn, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kíá. Mo kọ ìbéèrè, orúkọ jáde, a bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ku ẹnì kan ṣoṣo: Ìyá Sikirá tó ń yan ẹja tà ní Ekpè. Fóònù wọn kò lọ. Níbi àdírẹ́sì wọn, ọ̀rọ̀ kan péré ni: Ekpè. Ẹni tó lọ bá wọn to sólà náà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú yàrá tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń sùn ni bátìrì wà.

Ọ̀gá mi ní kí awakọ̀ máa lọ sí Ekpè kó máa bèèrè káàkiri. Màmá, Ekpè kì í ṣe ìta ilé wa o! Mo jókòó, mo ń wo àwọn àdírẹ́sì yòókù. Tẹ́lẹ̀, bí ìdọ̀tí tó yẹ kí n gbá ni mo máa ń wò wọ́n: “ẹ̀yìn fámásì, géètì búlúù, ẹ bèèrè Bàbá Ìbejì”, “lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe”. Wọn kò wọ inú àpótí òpópónà àti nọ́ńbà tí mo kọ́ nílé ìwé. Àfi bí ìyè mi ṣe là. Bí wọ́n bá mọ ìyá yìí ní Ekpè, ẹnu ọ̀nà wọn ni ọ̀nà ilé ẹlòmíràn máa gbà. Mo yí ìbéèrè mi padà. N kò bi kọ̀ǹpútà mọ́ pé níbo ni Ìyá Sikirá ń gbé. Mo bi í pé inú àdírẹ́sì ta ni Ìyá Sikirá wà.

Màmá, orúkọ mẹ́ta jáde! “Ekpè, ojú kejì Ìyá Sikirá ẹlẹ́ja.” “Bí ẹ bá ti kọjá Ìyá Sikirá, ilé kejì.”

Mo pe ẹni àkọ́kọ́, télọ̀ kan tó ń jẹ́ Wàídì. Mo kí i ní Nàgó bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó ní ìlú wo ni wọ́n ti bí mi, tí Nàgó mi fi dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń mú. Ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ “iná”, àwàdà parí. Mo gbọ́ tí ó ń sáré, mo gbọ́ tí ó ń pariwo pe Ìyá Sikirá. Ìyá gba fóònù, wọ́n ní ta ló ta iná fún àwọn. Wọ́n ní lóòótọ́ ni bátìrì náà ti ń gbóná láti àná, pé àwọn rò pé oòrùn tó ti mu yó ni. Mo ń gbọ́ lórí fóònù bí Wàídì ṣe yọ wáyà náà, tí ó fi àkísà gbé bátìrì jáde sórí iyanrìn. Ìyá ní inú agbada omi ẹja ni fóònù àwọn já sí. Wọ́n wá bá mi wí: kí ló dé tí mo ń wá àwọn bí abẹ́rẹ́, ta ni kò mọ àwọn ní Ekpè? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, wọn ò tíì ṣe é tán tí owó fóònù mi fi tán.

Mo tún padà wo àwọn àdírẹ́sì náà, ẹnu sì yà mí. Ẹni yìí wà lẹ́yìn ẹni yẹn, ẹni yẹn wà lójú kejì ẹlòmíràn. Gbogbo ìlú di ara wọn lọ́wọ́ mú nínú àká kékeré yìí, èmi ni mo fẹ́ já wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀!

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, zẹ́mì kan dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró níwájú mi. Ó gbé aṣọ wá fún Ìyá Ramá, aránṣọ tí ilé wọn kọjú sí tèmi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ojú kejì ilé ọmọ Kétu tó ti ìlú òyìnbó dé, tó máa ń kí gbogbo èèyàn. Mo ní èmi gan-an ni ọmọ Kétu náà, mo sì fi ọwọ́ tọ́ka ilé Ìyá Ramá hàn án.

Nítorí náà, Màmá, ẹ fi bàtà náà ránṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù mi sí i, kí ẹ wá kọ ọ́ pé: Kùtọ̀nú, ojú kejì Ìyá Ramá aránṣọ. Wọ́n ti lo ilé mi, èmi náà á lo tiwọn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi iná sùn. Yóò pa yín mọ́ de ọjọ́ tí ẹ ó wá kan ilẹ̀kùn mi fúnra yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, kí ẹ sì kí àwọn ará òkè àjà wa.

Èmi ni Rísíkátù, ọmọ yín tó ti ní àdírẹ́sì.