Ọkọ Búrẹ́dì

Yàrá Ìgé-fíìmù,
Òkè Yàrá Ìránṣọ,
Ilé-iṣẹ́ Onífíìmù.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, 1921.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Báwo ni ìrìn àjò, báwo ni ọkọ̀ ojú irin àti àìróorun sùn? Mo dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ara wọn le, ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé kí o yé fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí símẹ́ńtì tútù. Àbúrò rẹ obìnrin ti bímọ. Akọ ni, ó gùn bíi tìrẹ, wọn kò tíì rí ibùsùn tó gbà á. Èmi náà wà. Àlàáfíà ni, bí a bá yọ ti inú kúrò.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ibi tí o ti sọ pé wọ́n ń pè ọ́ ní Ọkọ Búrẹ́dì ní gbogbo ìlú tí ẹ gbé fíìmù wa dé, pé àwọn obìnrin ń na búrẹ́dì sí ọ láti ojú fèrèsé, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìsàlẹ̀ o wá béèrè ọ̀rọ̀ kan bí ẹni ń ṣeré. O ní o kò rántí ọjọ́ tí Ọ̀gá ní kí o wo búrẹ́dì, ṣé èmi rántí. Kò sí ọjọ́ náà. O kò wo búrẹ́dì kankan nínú fíìmù yẹn. Èmi ni mo gbé búrẹ́dì síwájú rẹ, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró níwájú kámẹ́rà kì í gòkè wá síbi tí èmi wà, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fíìmù wa kò ní ohùn. Yàtọ̀ sí káàdì ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tí a ń fi sáàárín, ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bí àwọn àgbà ṣe wí. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kì í parí ọ̀rọ̀. Bí Bàbá Oníkámẹ́rà bá sún mọ́ ọ tí ojú rẹ gba gbogbo aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lórí rẹ̀, àwọn òǹwòran kò tíì mọ ohun tí o ń rò. Ohun tí mo bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ojú rẹ ló máa sọ fún wọn. Bí mo bá lẹ pósí mọ́ ọn, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́. Bí mo bá lẹ ọmọ tó ń rá mọ́ ọn, bàbá rere ni ọ́. Ojú kan náà ni, ìwọ kò yí i padà. Àlùmọ́gàjí mi àti gọ́ọ̀mù ló yí i.

O rántí ìran ojú fèrèsé. Ìwọ káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn onílé ṣe, o gbójú sókè, o rí ọmọ onílé, òun náà wò ọ́. Aránṣọ wa ló ṣe ọmọ onílé, tí Ọ̀gá ní kó bọ́ síwájú kámẹ́rà nítorí pé aṣọ tó rán fún eré náà kò bá ẹnikẹ́ni mu àfi òun fúnra rẹ̀. O sì mọ ohun tó wà lọ́kàn mi sí ọmọbìnrin yẹn. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, lórí àtẹ̀gùn, lọ́jọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi já bọ́tìnì ẹ̀wù mi mẹ́ta kí n lè rí ohun tí n óò gbé lọ bá a. O rẹ́rìn-ín títí. O ní kí n fi ẹnu sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. N kò sọ ọ́.

Nígbà tí fíìmù dé ọwọ́ mi, mo gbé e sójú fèrèsé kí n tó gé e. Bàbá Oníkámẹ́rà máa ń yí ọwọ́ kámẹ́rà rẹ̀ kí Ọ̀gá tó sọ pé ó yá, kí ìyípo rẹ̀ lè ti dọ́gba. Nítorí náà gbogbo ìran ló ní ìbẹ̀rẹ̀ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣeré nínú rẹ̀. Ẹnì kan ń họ imú, ẹnì kan ń wá ibi tí yóò dúró sí. Èmi ni mo ń gé e dànù, èmi nìkan ló sì ń rí i. Nínú ti aránṣọ, òjìji ọrùn gígùn rẹ wà lára ògiri, òun sì ń wo ọ̀gangan ibi tí o dúró sí. Kò sẹ́ni tó ní kó wò. Ó wò ọ́ fún àwòrán méjìdínláàádọ́ta, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tó kí ènìyàn mí sínú kó sì mí síta. Kò fi ojú yẹn wo bọ́tìnì mi rí.

Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Mo gé e kúrò, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ yẹn nìkan, gbogbo ojú rẹ̀ pátá. Búrẹ́dì kan wà tí a yà fún ìran àwọn ọmọ tí ebi ń pa, lórí fèrèsé kan náà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ojú rẹ. Mo fẹ́ kí o rí bíi wọ̀bìà lójú ọmọbìnrin náà.

Ní Sátidé tí a dán fíìmù náà wò, o wà lọ́dọ̀ màmá rẹ nítorí ikọ́ wọn. Ojú rẹ kún aṣọ funfun, ìfẹ́ pọ́ńbélé. Búrẹ́dì tẹ̀ lé e. Obìnrin kan níwájú mi wí fún èkejì rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá ń wo búrẹ́dì báyìí, kó yáa fẹ́ ẹ." Èkejì ní, "Ọkọ búrẹ́dì." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú wá mi. Mo ti ń ro bí n óò ṣe di ẹrù mi. Ó ní, "Ìwọ Olóríkunkun, má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́." Lọ́sẹ̀ kejì, Ọkọ Búrẹ́dì ti wà gàdàgbà lára ìwé ìpolówó. Ó ń ṣe mí bí ẹni tó gbẹ́ kòtò de ènìyàn, tí ẹni náà bọ́ sínú rẹ̀, tó sì bá wúrà níbẹ̀.

Ẹnì kan kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé ó gun àtẹ̀gùn wá bá mi, òun tí kì í gòkè wá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ojú mi dà?" Mo ní ó bàjẹ́ nínú omi tí a fi ń fọ fíìmù. Ó ní, "Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ojú mi," ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Látìgbà náà ni Ọ̀gá, tí mo pa irọ́ kan náà fún, ti ń sọ pé ojú aránṣọ kò mú fíìmù, pé òṣèré orí ìtàgé kan ni yóò ṣe ìyàwó rẹ nínú fíìmù tó ń bọ̀. Irọ́ mi ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ wá dé, o ń fi inú kan bi mí léèrè, kò ṣeé gbé mọ́.

Láàárọ̀ àná mo lẹ ojú rẹ̀ padà sáyè rẹ̀ nínú ẹ̀dà fíìmù tó kù lọ́wọ́ mi, mo pe Ọ̀gá, mo yí ẹ̀rọ fún un. Mo sọ ohun tí mo ṣe. N kò sọ ìdí. Ó ní, "Ẹni tó lè wo ènìyàn báyìí, kí ló jókòó ti abẹ́rẹ́ fún?" Aránṣọ ni ìyàwó rẹ nínú fíìmù tuntun. Ọ̀gá bú mi dáadáa, ó ní tí mo bá tún fi ojú ẹnikẹ́ni pamọ́, kí n lọ máa gé koríko.

Ṣùgbọ́n àwòrán méjìdínláàádọ́ta yẹn, n kò fi han Ọ̀gá. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Òun ni mo ká sínú bébà funfun yìí. Gbé e sójú oòrùn, má jẹ́ kó sún mọ́ iná.

N kò ní kí o dúpẹ́. Inú ṣì ń bí mi sí ọ, àti sí bí gbogbo nǹkan ṣe ń wá bá ọ láìpè é. Láti ilé-ìwé ni. Èmi ni mo ń kọ́ ìwé sórí, ìwọ ni olùkọ́ ń pè kí o kà á fún àlejò. Bí o bá fẹ́ kí ẹlòmíràn gé fíìmù tó ń bọ̀, kọ ọ́ sí Ọ̀gá, n kò ní jà. Bí o bá fi í sílẹ̀ fún mi, n óò gé e bó ṣe yẹ, ìgbéyàwó inú rẹ̀ pẹ̀lú, n kò sì ní fi àwòrán kan ṣoṣo dù yín.

Bá mi kí onídùùrù yín. Bá mi kí bàbá tó ń yí ẹ̀rọ, kí wọ́n rọra máa yí apá ìkẹyìn, ẹkún ni, kì í ṣe eré sísá.

Bí o bá wo ohun inú bébà náà tán, èmi kọ́ ni kí o kọ̀wé sí. Aránṣọ ni. Má sì bá mi kí i nínú lẹ́tà náà. Àtẹ̀gùn kan péré ló wà láàárín wa, n óò máa kí i fúnra mi. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Èmi tìrẹ, tí mo ṣì ń bínú,
Olóríkunkun.