Koríko Tí Bàbá Rẹ Kò Ti Ọwọ́ Bọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti bí wọn tẹ̀ lé ara wọn. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kí ẹ ṣàárẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. N kò mọ̀ bóyá ó ti ọkàn rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́, mo sì ti jíṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ koríko gbígbẹ tí a kó pamọ́ fún ẹran ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì fẹ́ tò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìyá ń fi ìbínú kọ̀wé. N kò bínú.

O mọ bí bàbá rẹ ti máa ń ṣe láti kékeré rẹ. Láràárọ̀ ni yóò ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì koríko títí dé ìgúnpá, yóò yọ ọ́, yóò fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ó bá gbóná, a ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Nígbà tí o fi ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ooru ránṣẹ́, tòun ti ọ̀rá ńlá tí o ní kí a fi bo koríko náà pinpin, o ní kí bàbá rẹ sinmi, pé ẹ̀rọ náà yóò máa sọ fún fóònù rẹ lọ́hùn-ún, pé ọwọ́ kíkì bọ koríko ti di ayé àtijọ́. Ó gbọ́ tìrẹ. Ọkùnrin tí kò gbọ́ ti bàbá tó bí i rí, ó gbọ́ tìrẹ.

Bí wọ́n ti kọ́ mi nílé ìwé gíga, mo ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti òkè délẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí a tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ tí ó tutù, tí oòrùn àti omi kò lè dé. Inú abà kò rí bẹ́ẹ̀, òrùlé rẹ̀ ń jò. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e kọ́ ìṣó ní yàrá wa lókè ibùsùn, mo sì ń nù ún ní gbogbo Sátidé. A pè ọ́ pé òjò pa koríko náà kí a tó kó o wọlé, a tún pè ọ́ pé òórùn kan ń jáde lábẹ́ ọ̀rá. O ní ó tutù lójú fóònù rẹ, pé kí a má ṣí i.

Abo màlúù wa àgbà, èyí tí wàrà rẹ̀ rán ọ nílé ìwé, oyún rẹ̀ bàjẹ́ lóṣù tó kọjá. Kò sí ẹ̀kán wàrà mọ́, ènìyàn sì lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Dókítà ẹran wá tú òkìtì náà: àárín rẹ̀ ti dúdú bí tábà, ìsàlẹ̀ tí ó kan ilẹ̀ ti bu, eruku rẹ̀ ń pa wá níkọ́. Ó ní koríko tí a bò pa kí ó tó gbẹ a máa làágùn, ooru rẹ̀ a sì jẹ gbogbo èròjà aṣaralóore inú rẹ̀ tán. Ikùn ẹran a kún, ẹran náà a sì máa rù. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ẹ̀rọ. Tayọ̀tayọ̀ ni mo mú un wọ yàrá. Ó wo ìṣó, ó wo ibùsùn, ó ní ibùsùn wa ni ọmọ wa ti ń ṣọ́ láti oṣù mẹ́ta. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jáde, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo gba ìpín tèmi. Ìwọ náà, gba tìrẹ. Òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, iye kan náà ni ó ń fi hàn ọ́, o kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé níbo la gbé e sí.

Mo ki fóònù mi bọ inú ìdì koríko kan tí ó ti bu, mo fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì pè ọ́, kí òórùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí o kò bá gbọ́ ọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Dókítà ní bí màlúù wa bá rí koríko gidi jẹ lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí àwọ̀ ewé ṣì wà lára rẹ̀, ó lè dìde. Ogún ìdì ni a nílò, àti páànù mẹ́fà fún òrùlé abà. Má fi owó rẹ̀ sí báǹkì. Wọ́n ní owó mi wà nínú fóònù, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì nìkan ni mo bá. Mú un wá fúnra rẹ. Alápatà ti wá wo màlúù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bàbá rẹ kàn ń fi ọwọ́ pa màlúù náà lórí.

Kí Ẹlẹ́dàá bù kún iṣẹ́ rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ tọ́jú rẹ dọ́jọ́ alẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ sì ṣáájú ti alápatà wọlé.

Èmi ni, ìyá rẹ.