Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Aṣọ Bò Kò Kú

Ọmọ mi àtàtà,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. N kò fọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, n kò fi àpótí gbá a lórí, wọn kò sì tíì lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí o kọ́kọ́ ka ìyẹn ná, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ gba ìkíni. Ó dáa, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé àtẹ̀gùn ilé gíga tí ẹ ń gbé yẹn kò tíì gba orúnkún lọ́wọ́ rẹ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Kí ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ má sùn lọ lọ́jọ́ tí o bá nílò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́ lọ, a sì ti jọ jà du ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, èmi ni bàbá rẹ, bàbá kì í sì í wo ọjọ́ orí kó tó gbàdúrà.

Ìyá wa ní kí n kí ọ. Wọ́n ní awò ojú tí o fi ránṣẹ́ dára púpọ̀, àfi pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó ni wọ́n ti rí i pé n kì í gbálẹ̀ igun ilé. Òrùlé ẹ̀yìn ṣì ń jò sí ojú kan náà, a ti gbé ìkòkò sábẹ́ rẹ̀, ìkòkò náà sì ti mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ibi tí irọ́ yẹn ti jáde. Ìyá tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn wọ yàrá káàdì àwọn aláìsàn, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n bá kọ̀ǹpútà níbi tí mo ti fi aṣọ funfun bò ó láti orí dé ìdí. Wọ́n jáde, wọ́n ní ó ti kú. Wọ́n sọ fún àǹtí rẹ aránṣọ, àǹtí rẹ aránṣọ sì ni wọ́n ni fóònù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ, èmi ni mo ti pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà, torí fóònù wọn náà ni à bá yá, wọn a sì dúró tì mí láti gbọ́ ohun tí mo bá sọ.

Mo bò ó nítorí pé n kì í pa á. Apoògùn wa, ọ̀dọ́bìnrin tó ń há oògùn lójú fèrèsé, ti fi bí wọ́n ṣe ń pa á hàn mí, mo kọ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà ló tàn án, ẹni tó dáná ló yẹ kó paná. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ tilẹ̀kùn lọ sílé, ojú rẹ̀ á máa tàn, á dà bí ẹni pé mo fi ènìyàn sílẹ̀ lójúfò. Ni mo bá fi aṣọ bò ó kó lè sinmi.

Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní pa irọ́ fún ọ. Nọ́ọ̀sì Àgbà tuntun tí wọ́n gbé wá ní tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, orúkọ gbogbo aboyún gbọ́dọ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà, ti olúkúlùkù pẹ̀lú ọjọ́ tó yẹ kó wá. Wọ́n ní bí n kò bá lè ṣe é, àwọn á wá ẹlòmíràn láti ìta, kí èmi lọ máa ṣí géètì fún ọkọ̀, kí wọ́n sì kó àwọn káàdì lọ sí yàrá ẹrù. O mọ yàrá ẹrù. Èkúté ló ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ìdajì káàdì yẹn sì ni bàbá rẹ fi ọwọ́ ara wọn kọ, pẹ̀lú lẹ́tà wọn tó máa ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi jókòó sórí àga yẹn kí n tó jókòó sí i. Ṣé èmi ni kí n jẹ́ kí èkúté jẹ ẹ́?

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Ohun kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì lórí tábìlì, ó dà bí ọṣẹ tí wọ́n so okùn mọ́, máòsì ni wọ́n ń pè é. Bí o bá tì í, ọfà kékeré kan á máa sáré lójú kọ̀ǹpútà. Àwòrán kéékèèké wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ni wọ́n, Apoògùn ní kí n gbé ọfà lé èyí tí mo bá fẹ́ kí n sì kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan, mo dúró. Kò sí ìdáhùn. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì, mo tún dúró. Odindi àárọ̀ kan ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Apoògùn ní, Bàbá Káàdì, kọ̀ǹpútà kì í ṣe àna yín o. Ó ní kí n kàn án wàrà-wàrà bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Mo sọ fún un pé ibi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn àgbà lẹ́ẹ̀kan á dúró kó gbọ́ bóyá wọ́n wà nílé. Ó ní ilé kọ̀ǹpútà ni, kò sí àgbà nínú rẹ̀. Mo dójú ti ara mi, mo kàn án láìní ìwà, ó sì ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ohun náà kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ mi, lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ gba oògùn wá láti ìlú míì, ó ku èmi nìkan. Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ orúkọ aboyún mẹ́tàlélógójì, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, títí ìka fi ń ro mí. Nígbà tí mo parí, mo wo igun òkè. Àmì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan dà bí àpótí. Ọ̀kan ni àmì tí tíṣà máa ń fi sí ìdáhùn tí kò tọ́, èyí ni mo mọ̀ jù, n kò sì fẹ́ fojú kàn án mọ́ láyé mi. Ẹ̀kẹta ni ìlà kúkurú kan. Ṣé o rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé pé bí iṣẹ́ bá parí, kí a fa ìlà sábẹ́ rẹ̀? Mo tẹ ìlà.

Orúkọ mẹ́tàlélógójì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo wo abẹ́ tábìlì. N kò rí nǹkan. N kò lè sọ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà, torí ẹni tó fẹ́ gbé mi lọ síbi géètì kọ́ ni n ó lọ bá pé orúkọ ti sọnù. Mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fa ìlà, ó tún lọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, àyà mi wá já pátápátá. Mo ní orúkọ aboyún kì í sọnù lásán. Bí mo ṣe tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ọ̀nà pọ̀n, mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ara wọn le. Ìyàwó birikilà ní kí ló dé. Mo ní orúkọ rẹ̀ sọnù lọ́wọ́ mi ni. Ó ní òun ṣì wà ńbí o, kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ kejì, mo tún jáde. Ibẹ̀ ni mo ti dé ilé káfíńtà. N kò ní káàdì ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo kàn yà láti kí i ni. Mo bá ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀, oyún ti tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, ó ní orí ń fọ́ òun láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú òun sì ń ṣú. Ó ní òun ń dúró kí ọkọ òun parí iṣẹ́ ìjókòó ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún káfíńtà pé ìjókòó kò lóyún. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ jáde, a tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, a jọ tì í dé ilé ìwòsàn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ọjọ́bọ̀ nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹfà lónìí, mo fi ìyàwó káfíńtà kún un, mo fa ìlà, ó lọ. Ọ̀la ni Ẹtì. Mo ti fi aṣọ bò ó. N kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí n ó fi hàn wọ́n. Gbàdúrà fún mi.

Àbámẹ́ta la wà yìí. N kò tíì fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo ní kí n kúkú parí rẹ̀.

Láàárọ̀ àná, mo wọ ẹ̀wù tí bàbá rẹ máa ń wọ̀ bí ọ̀gá bá ń bọ̀. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá káàdì. Mo ní kí n ka àwọn tó dúró tì mí, kí n lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ìyá wa ni ẹni àkọ́kọ́, wọ́n wọ awò wọn. Ìyàwó birikilà, oníbúrẹ́dì, olùkọ́ kíláàsì kìíní, mo ń kà wọ́n lọ. Mo ka dé mọ́kànlá, ni mo rántí pé, yàtọ̀ sí Ìyá wa, gbogbo wọn gbé ẹlòmíràn sínú, n kò sì mọ̀ bóyá ẹnì kan ni kí n kà wọ́n sí tàbí méjì. Mo pa kíkà tì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà bèèrè pé ṣé ìjà ni wọ́n bá wá. Oníbúrẹ́dì ní rárá o, àwọn wá wò ó bóyá orúkọ àwọn ti padà dé ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà ṣí aṣọ. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Wọ́n mi máòsì díẹ̀, ó lajú. Wọ́n gbé ọfà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èmi kì í wò, ojú ewé mẹ́fà sì dìde lórí ìlà bí ọmọ iléèwé. Orúkọ ni gbogbo wọn. Wọ́n ní ta ló tẹ ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo ní èmi ni, mo sì sọ ti ìlà tí mo fà. Apoògùn tó ti dé láàárọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí páálí oògùn. Ó ní ìlà yẹn kì í ṣe ìparí iṣẹ́, ó kàn ń ní kí ewé lọ dúró nísàlẹ̀ títí wọn yóò fi pè é ni. Ó ní ká ní mo pa á lálẹ́ bí òun ṣe kọ́ mi, gbogbo rẹ̀ ni ìbá lọ. Ó yá, ta ló gbọ́n?

Nọ́ọ̀sì Àgbà ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí orúkọ tó fò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní márùn-ún jẹ́ mẹ́tàlélógójì, ẹ̀kẹfà jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, ta ni ẹni tó lé? Mo ní òun ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ògiri yìí. Wọ́n ti rò pé ọkọ rẹ̀ ló ronú mú un wá. Ìyá wa ló sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ru dé ibi pé bó bá dúró nílé di òní, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àga mi. Wọ́n ní káàdì kò lọ síbì kankan, àti pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kí n máa rin ilé dé ilé bí mo ṣe rìn ín, bí orúkọ kò tilẹ̀ sọnù.

Wọ́n ní kí n mú ìwé kan, kí n da márùn-ún sínú agbọ̀n ìdọ̀tí tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní n kò ní dà á. Orúkọ aboyún kì í ṣe ìdọ̀tí. Apoògùn ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì tuntun, mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i, mo sì kọ orúkọ bàbá rẹ sí i lórí.

Ohun kan ló kù. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra máòsì. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà o, máòsì nìkan. Mo fẹ́ máa fi kọ́ ọwọ́ mi lórí tábìlì nílé, torí kíkàn wàrà-wàrà yẹn ṣì ń tì mí lójú. Bí ó bá ṣẹ́kù, a ó fi ra páànù kan sí òrùlé, kí ìkòkò lè sinmi.

Kí ilẹ̀kùn tí o bá kàn lẹ́ẹ̀kan ṣí fún ọ. Kí ẹnikẹ́ni má da orúkọ rẹ nù. Gbogbo ohun tí o bá ti ṣiṣẹ́ lé lórí tí o kò rí mọ́, kí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló lọ dúró sí, tí ó ń retí ẹni tí yóò pè é.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré,
Bàbá Káàdì.