Àpótí Oníyàrá Méjì

Jímọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà 1987

Gàníyù káfíńtà gbé àpótí wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Oníyàrá méjì, ihò afẹ́fẹ́ lọ́tùn-ún lósì, pátákó kan láàárín tó ṣeé fà yọ. Yàrá kan fún Lèmọ́mù, ọ̀kan fún Sísí. Ó ní látìgbà tóun ti ń kan pákó n'Ílàsán, òun ò kanlé fún ológbò tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù rí. "Àwa tá à ń fẹsẹ̀ méjì rìn, a ò tíì dé Kútọnu." Màmá rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ti kọ̀wé láti ọ̀hún pé àwọn ti gba ààyè fáwọn méjèèjì. Sọ́ńdè, ogúnjọ́ oṣù yìí, la ń lọ.

Ọdún tí wọ́n bí mi ni wọ́n bí Lèmọ́mù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá di àsùbáà, á ti máa ké kí ládàánì tó ké — ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Sísí ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìdí ìrù Lèmọ́mù ló ń tẹ̀ lé kiri inú fúláàtì. Kí Ìyá Àgbà tó kú, èmi ni wọ́n fa àwọn méjèèjì lé lọ́wọ́.

Sátidé, 5

Lèmọ́mù ti sùn nínú àpótí, igun apá òsì. Sísí gbóòórùn ẹ̀, ó padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Alárùbá, 9

A gbé wọn lọ gbabẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran kan l'Óbáléndé. Dókítà ní tá a bá débẹ̀, ìjọba wọn á tì wọ́n mọ́ inú àgò onírin fóṣù mẹ́fà. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹran ilẹ̀ wa má kó àrùn ajá dìgbòlugi lọ bá wọn. Mo bi dókítà pé ṣé arúgbó lè lò ó já. Wọ́n yẹnu Lèmọ́mù wò. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.

Màmá ti mọ̀. Bàbá mi ti mọ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Torí mi ò kàwé kọjá Fọ́ọ̀mù Tú, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ò lè yé mi. Mo lọ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo fi Màmá sílẹ̀ níwájú. Ìgbà tá a délé ni wọ́n wá ní, ológbò mi ni, ohun tí mo bá sọ làwọn máa ṣe.

Àlàmísì, 10

Mo ti sọ ọ́. Wọn ò lọ mọ́. Àǹtí Wòsílátù, àbúrò Màmá tó ń yan ẹja n'Íkátẹ̀, á gbà wọ́n. Ẹja lójoojúmọ́. Oòrùn. Ilẹ̀ tí wọ́n lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Bàbá Àbọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ mú àpò ìrẹsì kan wá fún mi. Wọ́n ní, "Ológbò, ilé ló mọ̀, kò mọ èèyàn. Sọ wọ́n sápò, so ẹnu ẹ̀, kí wọ́n má rí ọ̀nà. Tí wọ́n bá rọ́nà, wọ́n á padà." Bí Ìyá Àgbà ṣe gbé wọn wá síbí láti Màrókò náà nìyẹn. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń ké nínú àpò yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Mo ká àpò sábẹ́ sínkì.

Sátidé, 12

Apẹ̀rẹ̀ ẹja Ìyá Àgbà ni mo fi gbé wọn. Mi ò dé e. Mo gbé e mọ́yà, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìkátẹ̀ — wọn ò wúwo mọ́. Lèmọ́mù yọrí síta, ó ń wo gbogbo nǹkan. Igi àgbọn, lọ́rì oníyanrìn, mọ́ṣáláṣí, oníbúrẹ́dì. Mo tiẹ̀ ń sọ fún un pé, wò ó, ibí la ti máa yà.

Àǹtí fi epo pupa pa wọ́n lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè jókòó. Tí wọ́n bá ti lá a tán, wọ́n ti donílé nìyẹn. "Àwọn àgbàlagbà yìí, ṣé wọ́n ṣì ń pa eku?" Mo ní rárá. "Jẹun-sùn. Bí ọkọ mi gẹ́lẹ́." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Sísí lá epo tán, ó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Lèmọ́mù ò lá tiẹ̀.

Àtìní, 14

Kò sẹ́ni tó ké ṣáájú ládàánì.

Tàlátà, 15

Àǹtí Wòsílátù wá. Wọ́n ní àwọn ò rí àwọn ológbò látàná. Mo wá gbogbo abẹ́ àtẹ̀gùn. Kò sí.

Alárùbá, 16

Bàbá Àbọ̀ ló rí wọn. Ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀sítéètì, níbi táwọn lọ́rì oníyanrìn ti ń yà wọlé. Lèmọ́mù ti kú. Ó kù díẹ̀ kó délé — láti ibi tó sùn sí, mò ń rí fèrèsé wa. Sísí jókòó tì í nínú koríko, ó fi imú sídìí ìrù ẹ̀. Ẹsẹ̀ Sísí mọ́. Epo wà lẹ́sẹ̀ Lèmọ́mù, yanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Àbọ̀ bi mí pé ṣé mo sọ wọ́n sápò. Mo ní apẹ̀rẹ̀ ni.

"O dé e?"

Mo mirí. Wọ́n lọ mú ọkọ́. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi. Àánú àwọn ológbò ló ṣe mí tí mi ò fi sọ wọ́n sápò. Àánú náà ló pa á. Èmi ni mo fọ̀nà hàn án.

Jímọ̀, 18

Sísí ń forí gbá ògiri. Kò jẹun. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wò ó títí. "Gbé àpótí yẹn jáde, kó o nù ún." Mo ní oṣù mẹ́fà ńkọ́, àgò ńkọ́. Wọ́n ní Bàbá mi ò tíì dá ààyè padà, a ó jọ máa lọ wò ó. "Tá a bá fi í sílẹ̀, ta ló fẹ́ máa tẹ̀ lé?" Wọ́n fa àkísà lé mi lọ́wọ́. "Ó yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ àgò yẹn fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó yẹ. Mo gbé àpótí jáde.

Sọ́ńdè, 20

Ẹrù ti wà nínú mọ́tò. Gàníyù wá fa pátákó àárín yọ kí Sísí lè ráyè nasẹ̀. Kò ṣàwàdà lónìí. Mo gbé Sísí wọlé. Ó gbóòórùn káàkiri títí ó fi kan igun apá òsì. Ó dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ó wá lọ ká ara ẹ̀ jọ sí igun kejì, ó fún mọ́ pákó, ó fi apá òsì sílẹ̀ gbalasa.

Màmá ń pè mí. Mo yọ àpò ìrẹsì Bàbá Àbọ̀ lábẹ́ sínkì, mo fi bo ihò tó kọjú sí títì. Mi ò ní sọ ibi tá a bá yà sí fún un.